Àkísàátán Kan Ṣoṣo Tó Kù ní Ṣakí

Bí ẹ bá wá ẹni tó ń jẹ́ Àkísàátán ní gbogbo Ṣakí lónìí, ilé kan ṣoṣo ni wọ́n máa júwe fún yín. Láyé àtijọ́, orúkọ ọ̀hún pọ̀ bíi koríko. Ọmọ àbíkú ni wọ́n fi ń sọ: àkísà tí a ó fi dì ọ́ lọ sin ti tán o, yáa jókòó. Mẹ́fà ni ìyá obìnrin tó kù yìí ti sin kó tó bí i. Òun jókòó.

Ìjókòó náà kò dùn, ẹ má jẹ̀ẹ́ n purọ́. Nílé kéú, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa ju àkísà lù ú. Lọ́jọ́ yìgì rẹ̀, Misturat ni àáfà pè é, àwọn èèyàn sì ń bi ara wọn léèrè ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó búra pé orí òun ni orúkọ náà máa parí sí.

Sọ̀fíyàt ọmọ rẹ̀ wá bí méjì, méjèèjì kú. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti ti ọkọ rẹ̀ kò bára mu. Nígbà tó bí ẹ̀kẹta, obìnrin, ó kúnlẹ̀ fún ìyá rẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó jẹ́ orúkọ yín."

"Orúkọ kì í ṣe oògùn. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n fi tiẹ̀ náà ṣẹ̀sín ni?"

"Ẹ̀yin ṣáà wà láyé."

Ìyá yarí kanlẹ̀. Ayọ̀dàmọ́lá ni wọ́n sọ ọmọ.

Ọmọ ń gbọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń pe ìyá àgbà, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. Ẹnu rẹ̀ kò lè pe orúkọ náà parí. "Àkísà" ló ń mọ. Ìyá àgbà á rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí orúkọ náà máa dùn létí rẹ̀.

Nígbà ọyẹ́, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ wú, ó ń ké pé ara ń ro òun. Kí wọ́n tó rí ọ̀kadà tó máa gbé wọn lọ sí ọsibítù, aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ mọ́.

Àáfà béèrè aṣọ funfun. Sọ̀fíyàt kò sunkún. Ìyá rẹ̀ ló kọjú sí.

"Ẹ wo inú àpótí yín, ìyá mi. Àkísà ò lè tán níbẹ̀."

 Ìyá mú ìborùn funfun tó fi ń kírun, ó ya á sí méjì.

Láti ọjọ́ náà, ẹ pè é ní Àkísàátán títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní dá yín lóhùn. Ó ní irọ́ ni wọ́n sọ òun.