Ọjọ́ Tí A Gbàdúrà Kí Wúrà Má Jáde

Òórùn kòkó tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò kó lè kan, tó dàpọ̀ mọ́ òórùn àpáta tútù, òun ni òórùn oko wa nítòsí Iléṣà. Omi kan wà níbẹ̀ tó ń já bọ́ láti orí àpáta gíga, tí yóò ti máa ta sí ọ lójú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kó o tó dé ìdí rẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń ti Òṣogbo tí mò ń gbé báyìí lọ ya fọ́tò níbẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ̀yin ará ibí mà ń jayé o!" Ẹ̀rín ni wọ́n ń pa mí. Wọn ò mọ̀ pé díẹ̀ ló kù kí omi náà di ẹrẹ̀.

Wúrà ló fà á. Láti ayé òyìnbó ni wọ́n ti ń wa wúrà lágbègbè wa. Bàbá bàbá mi wà lára àwọn tó fi ṣọ́bìrì wà á nígbà náà, kò sì ríhun fi kọ́lé. Nígbà tí àwọn awawúrà òde òní tún dé, wọ́n gbẹ́ abúlé tó wà nísàlẹ̀ odò yánnayànna: kòtò lọ́tùn-ún lósì, kòkó kú lórí ìdúró, omi pupa bí epo. Ni wọ́n bá tọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá, olórí ẹbí wa, pé ìdí omi tiwa ló kàn.

Ọ̀rẹ́ mi, oorun dá lójú ìyá mi. Oko kòkó tó wà létí omi yẹn ni bàbá mi fi sílẹ̀ kó tó kú, òun ni ìyá mi fi rán wa níwèé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ẹbí ni. Ìyàwó ilé lásán ni ìyá mi, ta ni yóò bi í léèrè?

Ẹbí pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ náà, títí bàbá wa àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi yẹn, fi ní ká pàdé nídìí omi. Ohun tí àwọn àgbà ilé wa máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá le ló ṣe. Ó fi igbá bu omi náà, ó mu, ó gbé e fún àwọn àgbà yòókù, àwọn náà mu.

"A ti mulẹ̀ o," ó ní. "Bí wúrà bá jáde nínú yanrìn yìí, kí wọ́n máa wà á. Bí kò bá jáde, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ wúrà níbí mọ́."

Ìyá mi di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ tutù bí omi inú àmù.

Ọkùnrin awawúrà kan wọnú omi lọ, ó wa yanrìn láti ìsàlẹ̀ sínú àwo fífẹ̀ kan, ó ń yí i po nínú omi. Yanrìn funfun ń bómi lọ, dúdú ń ṣẹ́kù. Lójijì ni nǹkan kọ mànà nínú àwo!

"Wúrà nìyẹn!" bàbá wa àgbà fò sókè. "Ṣé mi ò sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mo gbé o," ìyá mi wí. Èmi ọmọ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, àdúrà tí n kò gbà rí ni mò ń gbà: "Olúwa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún wa o!"

Awawúrà gbé àwo rẹ̀ lọ sábẹ́ igi kòkó, níbi tí oòrùn ò dé, ó sì pè wá wò ó. Gbogbo dídán yẹn ti pòórá.

"Bàbá, wúrà máa ń dán níbòji náà," ó ní. "Òkúta lásán nìyí."

Ó tún wa yanrìn níbòmíràn, ọ̀kan náà ni. Ẹnu bàbá wa àgbà gùn gbọọrọ, inú rẹ̀ ò dùn rárá. Ṣùgbọ́n ó ti mulẹ̀, àgbà kì í sì í mulẹ̀ kó dalẹ̀. Ó yíjú sí ìyá mi, ó ní, "Ìyàwó, máa bá kòkó rẹ lọ."

Ìyá mi jókòó sórí àpáta tútù náà tòun ti aṣọ àtàtà tó wọ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Ara tù mí débi pé mo dì mọ́ awawúrà tí mo ti ń ṣépè fún láti àárọ̀! Ikú tí ì bá pa ni, tó ṣí ni ní fìlà, ó yẹ ká dúpẹ́.

Láti ọjọ́ náà, bí àdúrà mi kan ò bá gbà, n kì í tètè bá Ọlọ́run bínú mọ́. Ká ní wúrà jáde bí bàbá wa àgbà ṣe ń fẹ́ ni, ẹbí wa ì bá jayé fúngbà díẹ̀, ìyá mi ì bá sì máa ra omi mu lónìí lórí ilẹ̀ ọkọ rẹ̀.