Ẹ̀rọ GPS ti dára, ojú sì ń tì mí

Láti ọ̀sán lojú ti ń tì mí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ẹ̀rọ GPS tí a fi ń wá oko àwọn àgbẹ̀ kiri Akínyẹlé kọṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Inú ọkọ̀ ló wà, ni mo bá jágbe mọ́ Bàbá Ràṣídì, awakọ̀ wa, níwájú gbogbo òṣìṣẹ́: "Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kó já bọ́!"

Wọ́n dàgbà tó bàbá mi. Wọ́n ní àwọn ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án. Mi ò gbọ́.

Lónìí, àwọn náà ló wà mí lọ gbà á lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe ní Dùgbẹ̀. Ẹni tó tún un ṣe ní: "Mádàámù, kò já bọ́ rárá. Láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni wáyà inú rẹ̀ ò ti dúró dáadáa. Wáráńtì ṣì wà lórí ẹ̀, ọ̀fẹ́ la tún un ṣe."

Inú ọkọ̀ ni Bàbá ti ń dúró dè mí. Mo fẹ́ dákẹ́ ni o. Àmọ́ bí mo ṣe wọlé, wọ́n ní: "Ṣé ó ti ń ṣiṣẹ́? Alihamudulilai! Mo ti ń gbàdúrà sí i."

Mi ò lè gbé e mì mọ́. Mo sọ òótọ́, mo sì bẹ̀ wọ́n.

Wọ́n wa ọkọ̀ padà sí ọ́fíìsì wa ní Mọ́níyà. Ìgbà tí wọ́n páàkì tán ni wọ́n rọra bi mí pé: "Mádàámù, ṣé ẹ máa sọ ọ́ fún àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rò ó di àárọ̀ ọ̀la. Gbangba ni mo ti jágbe mọ́ wọn, inú ọkọ̀ ni mo ti bẹ̀ wọ́n.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, tó bá jẹ́ bàbá tiyín ni, kí lẹ máa fẹ́ kí n ṣe láàárọ̀ ọ̀la?