Ìyá Tí Mo Pa Nínú Jọ́nà

Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi pa ìyá kan ní Odò-Ọwà, ìlú wa. Inú àpilẹ̀kọ ni mo pa á sí, nínú jọ́nà, ìwé ìwádìí àwa olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Orúkọ àwọn odò àti oko àtijọ́ ni àpilẹ̀kọ náà dá lé lórí, ìyá yìí, tó jẹ́ Ìyá Ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ló sì fi odindi ọjọ́ mẹ́ta kà wọ́n fún mi. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ lọ́wọ́ ní Ìlọrin ni ẹnìkan pè mí láti ilé pé Ìyá Ìjọ ti papò dà. N kò bi í pé ti ṣọ́ọ̀ṣì wo. Ìjọ mélòó ló wà nílùú wa, olúkúlùkù ló sì ní Ìyá Ìjọ tirẹ̀! Mo kọ "olóògbé" síwájú orúkọ Ìyá Ìjọ tèmi, mo sì fi ránṣẹ́.

Nígbà tó jáde tán, ọmọ rẹ̀ tó ń gbé ní Àbújá rí i lórí fóònù. Ó bú mi bí ẹni láyin, ó sì tọ́ sí mi. Mo kọ̀wé sí olóòtú jọ́nà náà. Ó ní àwọn kì í pa ohun tó ti jáde rẹ́. Bí mo bá fẹ́ fa gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn, wọn á kọ ọ́ gàdàgbà gadagba sórí rẹ̀ pé a ti fà á sẹ́yìn, àpilẹ̀kọ á sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Bó bá jẹ́ àtúnṣe ni mo fẹ́, wọn á tẹ ìkéde kékeré kan pé ìyá náà wà láàyè. Àtúnṣe ni mo mú. Ó fún mi ní ọjọ́ méje láti fọwọ́ sí i. Àwọn tó ń wo ọ̀rọ̀ ìgbéga mi lẹ́nu iṣẹ́ náà ti gbọ́, wọ́n ń retí rẹ̀.

Mo ní kí n kọ́kọ́ lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá náà. Òjò ti sọ ọ̀nà di ẹrẹ̀, ọ̀sán gangan ni mo tó dé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀ rẹ̀. Mo rò pé yóò bínú, ẹ̀rín ló ń rín.

"Dìde, ọmọ mi. Má fọwọ́ kan ùwé ọ̀hún o. Jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀."

Mo ní kò yé mi. Ó wọ yàrá, ó gbé ìwé tí wọ́n fi ń pe orúkọ àwọn ìyá ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde. Bí wọ́n ṣe dàgbà sí ni wọ́n tò wọ́n. Ẹni kìn-ín-ní ti kú, ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin. Wọ́n ti fi bírò pupa fa igi lé wọn lórí, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra gẹ́lẹ́. Ìyá fúnra rẹ̀ ni ẹni karùn-ún. Kò sí igi lórí tirẹ̀. Ẹni kẹfà ni wọ́n fa igi lé.

"Oṣù tí ùwé rẹ jáde ni ẹni kẹfà yìí kú," ó ní. "Ukú dé ulé yìí, ó rí i pé wọ́n ti kọ ọ́ pé mo ti lọ. Ó kọjá."

Olùkọ́ ni mí, mo mọ̀ pé àgbàlagbà ń kú, ṣùgbọ́n n kò lè gbójú kúrò lára ìlà karùn-ún yẹn.

"Ìyá, irọ́ ni mo kọ."

"Irọ́ tó dáa ni. Ṣèlérí fún mi."

Mo ṣèlérí. Nígbà tó di ọjọ́ keje, olóòtú tún ránṣẹ́. Ó ní bí mo bá fẹ́ dá àtúnṣe náà dúró, kí n kọ ìdí rẹ̀. Kí ni ǹ bá kọ? Pé ìyá fẹ́ máa jẹ́ òkú lọ? Mo ro ìgbéga tí mo ti ń retí títí irun mi fi hewú, mo sì fọwọ́ sí i. Ojú rẹ̀ ṣì ń tì mí.

Àárọ̀ ọjọ́ tí àtúnṣe jáde, mo kà á sókè lórí ìjókòó mi, orúkọ ìyá náà délẹ̀délẹ̀. Kò pẹ́ ni fóònù dún. Òun ni.

"Ọmọ mi, ṣé o wà nílùú ni?"

"Rárá o, Ìyá. Ìlọrin ni mo wà."

"Mo ń já ẹ̀fọ́ lóko láàárọ̀ yìí ni ẹnìkan pè mí láti inú ugbó. Ó pe orúkọ mi tán pátápátá. Mo wò yíká, n kò rí ẹnìkan."

Kò sí ọmọ ilé wa tí kò mọ̀ pé a kì í jẹ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀. "Ìyá, ẹ ò dáhùn, àbí?"

"Ohùn tìrẹ ni mo gbọ́," ó ní. "Ni mo bá jẹ́ ẹ."