Ọ̀já Lórí Ọ̀kadà

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pọ̀n ènìyàn sí mi lẹ́yìn, mo ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, ẹni tí wọ́n sì pọ̀n náà ga jù mí lọ. Ìdòwú lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ìyá rẹ̀ ló tú ọ̀já ìdí ara rẹ̀ létí odò Aláró, tó fi gbá èmi àti ọmọ náà pọ̀, tó sì so ó le mọ́ mi láyà bí ẹni pé èmi gan-an ni ìyá ọlọ́mọ. Mo ṣáná sí ọ̀kadà mi, mo já jíà sí wáànù, a wọ inú odò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á lè rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, kí ọmọ náà má baà mọ bí àyà mi ṣe ń já.

Ọ̀kadà ni mo fi jẹun fún ohun tó lé ní ogún ọdún, láàárín Èrúwà àti àwọn abà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. N kì í ṣe ọlọ́kadà ìgboro. Orí ọ̀dà ni tiwọn, ariwo fèrè ni iṣẹ́ wọn. Ọ̀nà oko ni tiwa: àpò ẹ̀gúsí, àpò láfún, ewúrẹ́ tí wọ́n di tọwọ́tẹsẹ̀, aláboyún tí ìrọbí ti mú tó ń fi èékánná ha mí léjìká. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, Bàbá Gàní, sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ojú nìkan kọ́ la fi ń gùn ún.

Ó ní, "Ẹ̀yìn rẹ ni kó o máa gbọ́. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù, ẹ̀yìn rẹ á mọ̀. Ẹni tó bá ń sùn, ẹ̀yìn rẹ á mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ sá lọ láìsanwó, ẹ̀yìn rẹ ló máa kọ́kọ́ mọ̀."

Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé òótọ́ ni. Ẹni tó bá ti mu ẹmu yó, kí n tó gbọ́ òórùn rẹ̀ ni ẹ̀yìn mi ti mọ̀, nítorí gbogbo ara rẹ̀ ló máa gbé lé mi.

Abà Àjàní ni àwọn òbí Ìdòwú ń gbé. Àwọn ìbejì ló ṣáájú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń pe ìyá rẹ̀ ní Ìyá Ìbejì. Orúnkún ọmọ náà ló kọ́kọ́ wú. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù ló fi ṣe é. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun, ìyẹn fi òrí ra á, ó wọ́ ọ, ó tún un wọ́, ẹsẹ̀ ń wú sí i. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ọsibítù ńlá kan ní Ìbàdàn, dókítà ní jẹjẹrẹ ló wà nínú eegun. Jẹjẹrẹ ọmú là ń gbọ́ ní tiwa. A ò mọ̀ pé ó ń jẹ eegun ọmọdé. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lókè orúnkún, wọ́n sì ní kó máa wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, kí wọ́n máa kán oògùn sí i níṣan, kí àrùn náà má baà ràn lọ síbòmíì. Bí ó bá pa ọjọ́ jẹ, wọ́n ní ó lè ràn.

Èmi ni mo ń gbé e láti abà dé Èrúwà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ mọ́tò Ìbàdàn. Ọ̀kadà kejì ni ìyá rẹ̀ máa ń gùn tẹ̀lé wa. Àlọ kì í ṣòro, ó máa ń dì mí mú dáadáa, a ó sì máa sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Àbọ̀ ni ìjàngbọ̀n. Oògùn náà á ti gba gbogbo okun rẹ̀. Irun orí rẹ̀ ti re tán, èébì á sì máa gbé e. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ sódò Aláró, ẹ̀yìn mi gbọ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ti dẹ̀. Mo na ọwọ́ kan sẹ́yìn, mo rá ẹ̀wù rẹ̀ mú kó tó já bọ́. Bí Ìyá Ìbejì ṣe bẹ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà kejì, tó tú ọ̀já, nìyẹn.

Ọ̀já náà ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n a kan ilé ìwé ní àkókò tí wọ́n ń jáde, ilé ìwé tí Ìdòwú fúnra rẹ̀ ń lọ kó tó ṣàìsàn. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kí a lè kọjá. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọdébìnrin kékeré kan bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé, "Kí ló dé tí bàbá yẹn pọ̀n Bọ̀ọ̀dá Ìdòwú?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yára fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ìdòwú fi ojú pamọ́ sí mi lẹ́yìn ọrùn, omijé rẹ̀ sì ń ṣàn sínú ẹ̀wù mi títí a fi délé.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ tú u sílẹ̀, Ìdòwú ní, "Bọ̀ọ̀dá Lásísì, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n mi ò lọ mọ́."

Mo ní, "Ibo lo ò lọ mọ́?"

"Ìbàdàn. Bí mi ò bá lè jókòó sínú mọ́tò bí ènìyàn kúrò nílé yìí, kí wọ́n fi mí sílẹ̀."

Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún. Ní tèmi, inú ló bí mi. Mo ní, "Ṣé nítorí ojú àwọn ọmọ ilé ìwé lo ṣe fẹ́ kú?"

Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ̀yin ò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin lẹ wà níwájú."

Mo kọrí sọ́dọ̀ Baálẹ̀ abà lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ní a nílò ọ̀nà mọ́tò. Baálẹ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ìbànújẹ́. Gbogbo ẹni tó bá ń du ipò ló ń ṣèlérí ọ̀nà yẹn. Wọ́n á gun ọ̀kadà mi wá, wọ́n á gùn ún padà, ojú wa ò ní í tún ṣe mẹ́rin mọ́.

Ó ní, "Lásísì, mọ́tò mélòó ló ti gba ọ̀nà yìí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi? Ẹyọ kan ni. Ó kú sódò, ibẹ̀ ló ṣì wà."

Mo ní, "Ọmọ yẹn ò lọ mọ́ o, Baálẹ̀."

Baálẹ̀ wá ní kí wọ́n ké sí gbogbo abà tó yí wa ká fún ọ̀wẹ̀. Ọ̀wẹ̀ ni iṣẹ́ tí a ń pe ara wa sí láìgbowó, oúnjẹ nìkan ni ẹni tó pe ni máa ń pèsè. Oko àna la sábà máa ń ro bẹ́ẹ̀, tàbí ilé tí a fẹ́ bò. A ò fi la ọ̀nà rí, nítorí a gbà pé ti ìjọba ni.

Wọ́n wá. Mo sọ fún yín, wọ́n wá. Àwọn tó ti ń ja ìjà ààlà oko láti ayé bàbá wọn jọ gbé òkúta kan náà. Fúlàní darandaran tí ọ̀rọ̀ màlúù ti ba àárín àwa àti òun jẹ́ rán àwọn ọmọ rẹ̀ tọkọ́tọkọ́. Àwọn ọdẹ gé igi apá ńláńlá, wọ́n wọ́ wọn sórí odò láti fi ṣe afárá. Àwọn obìnrin ń ru yangí, a ń dà á sínú kòtò, a ń gún un mọ́lẹ̀. Ìyá arúgbó kan wà tí kò lè gbé nǹkan kan. Ó ń tu koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ ní tirẹ̀, ó ní òun ò fẹ́ kí ọmọ náà rí ìdọ̀tí.

Abẹ́ igi máńgòrò ni Ìdòwú máa ń jókòó sí, igi ìtilẹ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó sọ ara rẹ̀ di alábòójútó. "Ẹ̀gbọ́n, ibi tẹ́ ẹ dí yẹn, ṣé kòtò lẹ dí ni àbí òkè lẹ kọ́ síbẹ̀?" Àwọn géńdé á rẹ́rìn-ín, wọ́n á lọ tún un ṣe. Ó ti gbà pé kí a ṣì máa pọ̀n òun lọ Ìbàdàn títí ọ̀nà á fi parí, ṣùgbọ́n ó ní n kò gbọ́dọ̀ gba iwájú ilé ìwé. Inú igbó ẹ̀yìn ilé ìwé la ń gbà. Ẹ̀gún ń fà wá láṣọ ya, a kì í ráhùn.

N kò tíì rí irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tó kù korò.

Ọ̀nà parí kí ọjọ́ oògùn tó tún pé. Sùlè, awakọ̀ kan ní páàkì Èrúwà, ní òun á gbé wa dé Ìbàdàn láìgba kọ́bọ̀, ó sì gbé mọ́tò rẹ̀ wọ abà wa ní kùtùkùtù. Àwọn èwe ń sáré tẹ̀lé e, wọ́n ń pariwo. Ìdòwú wọ ẹ̀wù funfun, ó jókòó síwájú, ó yí gíláàsì sílẹ̀, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé etí fèrèsé bí ọ̀gá ńlá. Èmi àti ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn. A gba iwájú ilé ìwé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ juwọ́ sí i, òun náà juwọ́ padà. Inú mi dùn débi pé mo ń sunkún.

Ẹnubodè ọsibítù wà ní títì.

Ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ ní, "Ẹ ò gbọ́ rédíò ni? Àwọn dókítà ti daṣẹ́ sílẹ̀."

Ìyá Ìbejì ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ní ọjọ́ lónìí."

Ẹ̀ṣọ́ náà ò jágbe mọ́ ọn. Ó kàn nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Àwọn ènìyàn jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ lọ súà, ọmọ lẹ́sẹ̀, àgbàlagbà lórí ẹní. Ó ní, "Màámi, gbogbo àwọn wọ̀nyí ló ní ọjọ́."

A bẹ̀bẹ̀, a dúró títí oòrùn fi rọlẹ̀. Ọsibítù aládàáni tí wọ́n júwe fún wa, owó tí wọ́n pè níbẹ̀, bí a bá ta abà náà pẹ̀lú àwa tí ń bẹ nínú rẹ̀, kò lè tó o. A kọrí sílé. Nígbà tí a kúrò lórí ọ̀dà, tí a bọ́ sórí ọ̀nà tiwa, mọ́tò náà ń yọ̀ lọ jẹ́ẹ́, kòtò kan kò gbé wa. Ìdòwú wo iwájú fún ìgbà pípẹ́.

Ó ní, "Ọ̀nà yìí mà dáa o."



Ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà pẹ́. A tún lọ, a tún padà, ẹ̀ṣọ́ náà sì ti dá wa mọ̀. Àwọn ènìyàn máa ń sọ fún mi pé àwọn dókítà náà ní ẹ̀dùn ọkàn tiwọn, pé ìjọba ò san ẹ̀tọ́ wọn. Mo gbọ́. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n inú bí mi nígbà náà, ó ṣì ń bí mi lónìí, n ò sì ní í purọ́ fún ẹnikẹ́ni pé mo ti gbàgbé. Àwa tí a ò kàwé, tí a ò gba owó oṣù rí, ọkọ́ la fi ṣe ti ọwọ́ tiwa. Ta ló wá ṣe tiwọn?

Nígbà tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ya fọ́tò àyà ọmọ náà. Àrùn náà ti wọ ẹ̀dọ̀fóró. Dókítà ọ̀hún, ọ̀dọ́mọkùnrin ni, kò lè wo ojú Ìyá Ìbejì. Ó ní kí a máa gbé e lọ sílé, kí a fún un ní ohunkóhun tó bá ní òun fẹ́ jẹ. Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Lọ́jọ́ kan tí mo lọ kí i, mímí ti di iṣẹ́ fún un. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbé mi jáde díẹ̀."

Mo ní, "Ṣé kí n lọ pe Sùlè?"

"Rárá. Ọ̀kadà yín ni. Kí Màámi pọ̀n mí sí yín lẹ́yìn."

Ìyá rẹ̀ fi ọ̀já kan náà so wá pọ̀. Ó ní òun fẹ́ gba iwájú ilé ìwé. Mo ń lọ jẹ́jẹ́, jíà kan ṣoṣo ni mo lò. Mo ti gbé àpò ẹ̀gúsí, mo ti gbé ewúrẹ́, mo ti gbé ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yìn mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ọmọ náà ti fúyẹ́ débi pé, pẹ̀lú ọ̀já tí wọ́n so mọ́ mi láyà, mo ń bojú wẹ̀yìn bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé tún tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Kò fi ojú pamọ́ mọ́. Ó gbé àgbọ̀n lé mi léjìká, ó ń wò wọ́n.

Ọ̀sẹ̀ náà ò parí tó fi lọ.

Ìyá Ìbejì ò gba ọ̀já náà padà. Ó ní òun ò lè fojú rí i. Mo ká a sábẹ́ ìjókòó ọ̀kadà mi.

Ọ̀nà náà wà níbẹ̀. Ọkọ̀ ńlá ń gbà á wá kó ẹ̀gẹ́, mọ́tò kékeré ń gbé èrò wọ abà láti ìdájí, kò sì sí ẹni tó tún ń wá ọlọ́kadà oko. Òṣèlú kan ti ri pátákó mọ́lẹ̀ lẹ́bàá afárá, àwòrán rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lójú pátákó náà, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ló la ọ̀nà. Mo fẹ́ fi àdá gé e lulẹ̀. Baálẹ̀ ló bẹ̀ mí. Bí mo bá pàdé àwọn ènìyàn lọ́nà oko báyìí, wọ́n á ní, "Lásísì, ìwọ lo jẹ́ ká ní ọ̀nà yìí o, Ọlọ́run á san án fún ọ." Mo máa ń ṣe àmín. Kí ni n bá tún ṣe?

Nígbà tí iṣẹ́ ò lọ mọ́, mo ta ọ̀kadà náà fún ọkùnrin kan láti Tápà. Ó yẹ ẹ́ńjìnnì wò, ó yẹ ṣéènì wò, ó ṣí abẹ́ ìjókòó.

Ó ní, "Bàbá, àkísà tẹ́ ẹ fi ń nu ọ̀kadà rèé, ẹ ti gbàgbé ẹ̀ síbí."

Mo ní, "Àkísà kọ́. Ọ̀já ni."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀já? Lórí ọ̀kadà? Ẹ̀yin náà pọ̀n ọmọ ni?"

Mo gba ọ̀já mi lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Mo pọ̀n ọmọ."