Òórùn Tí Èmi Nìkan Ń Gbọ́

Òórùn náà bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì ní àárọ̀ ọjọ́ kejìlá tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi ní imú. Ó kan, ó wúwo, ó dà bíi pé nǹkan kan kú síbì kan tí kò jìnnà. Ní Ìhùnbọ̀ ni, nílé àwọn òbí ọkọ mi, níbi tí àárọ̀ kì í ti í ní ariwo púpọ̀: àkùkọ méjì, ọ̀kadà kan lọ́ọ̀ọ́kán, àti ìyá ọkọ mi tí wọ́n ń da omi lẹ́yìn ilé. Mo fi ọwọ́ bo imú, òórùn náà kò lọ. Àyà mi já.

Jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi já fún ọ. Ẹran kan ló hù sí mi nínú ihò imú méjèèjì láti ìgbà tí mo ti wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ẹnu ni mo fi ń mí. Bí mo bá sùn, ọkọ mi ní ẹ̀rọ ìlọta ni òun gbé níyàwó. Ní ti òórùn, mo ti gbàgbé pé nǹkan bẹ́ẹ̀ wà láyé. Ọbẹ̀ á jóná níwájú mi, n kò ní í mọ̀ àfi bí mo bá rí èéfín. Bí mo ṣe wọlé ọkọ nìyẹn, bí mo ṣe bímọ nìyẹn, ọdún mẹ́jọ gbáko. Nígbà tó sú mi, a lọ bá dókítà kan ní Àjàṣẹ́, ní òdìkejì bodè, torí pé láti Ìhùnbọ̀, Àjàṣẹ́ yá ju Abẹ́òkúta lọ. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́ ni. Ó ṣe iṣẹ́ náà, ó sì kìlọ̀ fún mi pé, "Padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kí n wò ó. Ṣùgbọ́n bí o bá ń gbọ́ òórùn burúkú nínú imú ẹ, má dúró de ọjọ́. Àrùn ti wọ ojú egbò nìyẹn, ibẹ̀ yẹn ò sì jìnnà sí ọpọlọ."

A padà sílé. Ọjọ́ kẹrin tí a dé ni wọ́n ti bodè pa.

Ìwọ náà á rántí àsìkò yẹn. Sójà àti kọ́sítọ́ọ̀mù kún ojú ọ̀nà, epo bẹntiróòlù di ohun tí à ń fẹ́sẹ̀ wá kiri, ìrẹsì sì di nǹkan tí à ń fojú wò. Ọjà ìyá ọkọ mi nìkan ló ń yá, torí ẹni tí kò rí ìrẹsì rà á jẹ fùfú. Wọ́n tiẹ̀ ti fi dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta kún èyí tí wọ́n fi ń rẹ ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé.

Mo jáde lọ bá wọn. "Màmá, ẹ ò gbọ́ òórùn kan?"

Wọ́n gbé imú sókè, wọ́n fà á títí. "Òórùn wo? N ò gbọ́ nǹkan kan o."

Bàbá ọkọ mi náà kò gbọ́. Ọkọ mi yẹ abẹ́ àga àti ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù wò bóyá eku ló kú síbẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rù wá bà mí. Òórùn tí gbogbo ilé kò gbọ́, tí èmi nìkan ń gbọ́, níbo ni ì bá wà bí kò ṣe nínú imú tèmi? A pe dókítà títí, ìpè kò wọlé. Ní gbogbo ìgbà ni mo ń fọwọ́ kan iwájú orí mi bóyá ó ti ń gbóná. Mo ń wo ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, bó ṣe ń jẹ ẹ̀kọ rẹ̀ láìbìkítà, omi sì ń bọ́ lójú mi. Ta ni yóò bá mi tọ́ ọ?

"Mo mọ ẹni tó lè fọ̀kadà gbé wa gba inú igbó kọjá," ni ọkọ mi wí.

"Kí ẹ lọ fara gba ìbọn?" ni Màmá dá a lóhùn. "Ẹ gbé e lọ sí Ìláròó. Nọ́ọ̀sì àgbà tó fẹ̀yìn tì yẹn, imú àti etí ló fi gbogbo ayé ẹ̀ tọ́jú."

Áńkáṣíìfù ni mo fi bo imú dé Ìláròó. Gbogbo ibi tí wọ́n ti dá wa dúró ni wọ́n ti tú báàgì mi, wọn kò rí ju òwú àti ìgò omi iyọ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì náà gbé mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí mi nímú, wọ́n wò ó pẹ́.

"Egbò ẹ mọ́ tónítóní, ìyàwó. Ó ń jinná."

"Òórùn náà ńkọ́, Màmá? Mo ṣì ń gbọ́ ọ báyìí."

Wọ́n gbé imú sún mọ́ tèmi, wọ́n mi orí. Wọ́n wá gba áńkáṣíìfù lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e símú, wọ́n sì yí ojú kúrò kíákíá. "Níbo lo sá èyí sí?"

"Lẹ́yìn ilé."

"Kí ló wà lẹ́yìn ilé yín?"

"Dúrọ́ọ̀mù fùfú ni, Màmá."

Wọ́n wò mí. "Ọdún mélòó lo ti gbé nílé yẹn?"

"Méje."

"Ṣé o ti gbọ́ òórùn fùfú níbẹ̀ rí?"

"Rárá, Màmá." Wọ́n ní kí n di ojú. Mo gbọ́ ìró ọ̀bẹ, nǹkan kan sì kọjá lábẹ́ imú mi, ó mú, ó tutù, ó wọ̀ mí dé àárín orí. Omijé ti dà kí n tó mọ ohun tó jẹ́. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni. Ọlọ́run ọba, ọsàn wẹ́wẹ́!

N kò bo imú mọ́ bí a ṣe ń padà. Ẹ̀pà yíyan, epo ọkọ̀, ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, òógùn awakọ̀, gbogbo rẹ̀ ni mo ń fà símú, ẹnu yà mí, mo ń rẹ́rìn-ín. Ayé ti ń rùn, ó ti ń ta sánsán láti ọjọ́ yìí wá, n kò sì sí níbẹ̀. Sójà kan bi mí pé kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. N kò lè sọ fún un pé òórùn bàtà rẹ̀ ni.

Nígbà tí ìyá ọkọ mi gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. "Òórùn tó rán ọkọ ẹ nílé ìwé lo gbé lọ fún nọ́ọ̀sì pé kó wò sàn!" Lẹ́yìn náà ni wọ́n rọra bi mí pé, "Ṣé ó burú tó bẹ́ẹ̀ ni?" Ojú wọn dà bí ojú ọmọdé. Ilé tí wọ́n ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ kí wọ́n tó bí ọkọ mi, ta ni yóò gbọ́ òórùn ẹ̀gẹ́ níbẹ̀? "Ó burú, Màmá," ni mo wí, àwa méjèèjì sì tún bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, mo jí lọ́jọ́ kan, n kò gbọ́ òórùn fùfú mọ́. Ẹ̀rù bà mí, mo ní ẹran náà ti tún hù. Mo sáré fa ọmọ mi mọ́ra, mo ti imú bọ irun rẹ̀: àdí àgbọn, oòrùn, àti nǹkan kan tí n kò lè dárúkọ, tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Gbogbo rẹ̀ pé. Imú mi kò ṣe nǹkan kan. Mo jókòó pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, Màmá ń bu ẹ̀gẹ́ jáde nínú dúrọ́ọ̀mù, ó sì wá yé mi. Ọdún méje ni mo fi gbé ilé yẹn bí àlejò, tí n kò mọ̀ pé àlejò ni mí. Oṣù mẹ́ta péré ni mo fi di ọmọ ilé.