Wáyà Tí Dádì Dè

Fèrè ọkọ̀ àjàgbé ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nínú fóònù, kí n tó gbọ́ ohùn ìyàwó mi.

"Ó ti kú o! Mọ́tò ti kú, mo wà ní middle lane!"

Pasadena ni mo wà, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń fọ epo rọ̀bì. Mi ò tíì wọ aṣọ iṣẹ́ tán. Òun ti kúrò nílé wa ní Katy, ó ń lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Uptown, oyún oṣù méje sì wà nínú rẹ̀. Odidi Houston ló wà láàárín èmi àti òun. Kò sóhun tí mo lè ṣe ju kí n máa pariwo sínú fóònù lọ.

"Tan iná hazard! Má sọ̀ kalẹ̀ o! Jókòó sínú mọ́tò!"

"Truck kan ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Jésù. Jésù!"

Lẹ́yìn ìyẹn, fóònù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mò ń gbọ́ ariwo táyà, mò ń gbọ́ fèrè, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí kọnkéré níwájú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Mi ò mọ iye ìṣẹ́jú tó kọjá. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ẹkún ló ń sun. Ọkùnrin kan tó wa pikọ́ọ̀pù ló fi ọkọ̀ tirẹ̀ dí ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀, tó sì bá a ti mọ́tò náà dé ẹ̀gbẹ́ títì. Èmi náà sunkún, ojú ò sì tì mí.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi tún mọ́tò yẹn ṣe. Àlòkù ni, ẹ́ńjìnì rẹ̀ dára, àmọ́ kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì ti jóná. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n tà á fún àwọn tó ń ra irin. Mo ní rárá. Mo ra kọ̀ǹpútà mìíràn, irú èyí tí kì í ṣe ti àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà, tí èèyàn máa fi láptọ́ọ̀pù kọ́ ní iṣẹ́, tó sì máa fọwọ́ ara rẹ̀ na gbogbo wáyà rẹ̀. Ṣebí iṣẹ́ wáyà ni mo fi ń jẹun? Ní Pasadena, èmi ni mò ń tọ́jú àwọn sẹ́nsọ̀ tó ń sọ bí epo inú páìpù ṣe gbóná tó. Kí ni mọ́tò kan ṣoṣo máa fi mí ṣe? Ìgbéraga ni, mo gbà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kú ní ọ̀nà márosẹ̀, lórí freeway yẹn, kọ̀ǹpútà sọ ohun tó rí fún mi: kò rí kíráńkì, irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnì, mọ́. Sẹ́nsọ̀ kékeré kan wà níwájú ẹ́ńjìnì, tó dojú kọ kẹ̀kẹ́ irin eléyín tó ń bá kíráńkì yí. Bí eyín kọ̀ọ̀kan bá ti ń kọjá, sẹ́nsọ̀ á ta kọ̀ǹpútà lólobó. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yọ eyín kan kúrò. Àlàfo rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ ibi tí ẹ́ńjìnì yí dé, àti ìgbà tó yẹ kó tú epo kó sì ṣáná. Bí ìṣirò eyín bá dàrú, kọ̀ǹpútà ò ní méfò. Ńṣe ló máa pa gbogbo rẹ̀.

Mo pààrọ̀ sẹ́nsọ̀. Mo wọn àyè tó wà láàárín òun àti eyín. Mo ha ìpẹtà kúrò níbi tí wáyà bátìrì ti kan ara mọ́tò. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo máa ń tan mọ́tò níwájú ilé, á sì máa ṣiṣẹ́ bí aago. Ìyẹn gan-an ló ń já mi láyà. Bó bá kọ̀ níwájú ilé, ǹ bá mọ ibi tí mo máa dì í mú.

Ìyàwó mi ń bá ẹnì kan ní ọ́fíìsì rẹ̀ wọ mọ́tò lọ síbi iṣẹ́ láàárín ìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n wákàtí méjìlá ni mo fi ń wà ní Pasadena lójúmọ́. Bí ọmọ bá fẹ́ wáyé nígbà tí mo wà lọ́hùn-ún, mọ́tò yẹn nìkan ló wà nílé. Mo máa ń rò ó títí.

Lọ́sàn-án Sátidé, èmi nìkan gbé e jáde. Mo gbé láptọ́ọ̀pù sórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi kó máa kọ ohun gbogbo sílẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ wọ freeway, mo tẹ epo dáadáa. Ó kú. Kò wúkọ́, kò gbọ̀n, ó kàn dákẹ́. Ìdarí ọkọ̀ wá wúwo lọ́wọ́ mi bí òkúta. Mo wo dígí, imú ọkọ̀ àjàgbé ló kún inú rẹ̀. Èmi tí mo máa ń fi ìyàwó mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé àdúrà ẹ̀ ti pọ̀ jù, mo ké Jésù lẹ́ẹ̀mẹta bíi tirẹ̀. Eré tó kù lára mọ́tò ló gbé mi dé ẹ̀gbẹ́ títì. Mo jókòó síbẹ̀, ọwọ́ mi ò fẹ́ kúrò lára ìdarí. Ibi tí mo jókòó sí yẹn ni ìyàwó mi jókòó sí pẹ̀lú ọmọ mi nínú rẹ̀.

Nígbà tó gbà láti tan, mo rọra gba ọ̀nà ẹ̀yìn wálé, mo sì tú ohun tí láptọ́ọ̀pù kọ wò lórí tábìlì ìdáná. Kò ṣòro kà. Bí mo ṣe tẹ epo tó, tí àwọn kọ́ìlì tó ń dáná sí epo ń ṣáná kíkankíkan, bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń ka eyín tí kò sí. Iná kọ́ìlì ló ń ta sí wáyà sẹ́nsọ̀. Ó sì lóhun tó ń fa ìyẹn. Wáyà tó ń gbé ìròyìn sẹ́nsọ̀ àti wáyà tó ń gbé iná tó le kì í sùn lórí ẹní kan.

Ìyàwó mi dúró lẹ́yìn mi, mo ṣàlàyé fún un pé wọ́n ti de wáyà méjèèjì pọ̀. "Ta ló wá so wọ́n pọ̀?"

"Dádì ni."

"Dádì wa? Ah. Má bá wọn bínú o, wọn ò mọ̀ ni."

Mo jẹ́ kí ẹ̀bi náà dúró sọ́rùn arúgbó.

Bàbá kan ní ìjọ wa là ń pè ní Dádì. Àwọn òbí ìyàwó mi ò rí físà gbà nígbà ìgbéyàwó wa, Dádì ló dúró gẹ́gẹ́ bíi bàbá rẹ̀, àwọn ló fà á lé mi lọ́wọ́. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ṣe rewáyà, iṣẹ́ títún wáyà mọ́tò ṣe, ní Ìbàdàn kí ọmọ wọn tó mú wọn wá sí Katy. Látìgbà tí wọ́n ti dé, wọn ò fọwọ́ kan mọ́tò rí, àfi tèmi. Mo ti na wáyà sẹ́nsọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kejì, lọ́tọ̀, bó ṣe yẹ. Dádì wò ó, wọ́n ní, "Wáyà kì í dá rìn bí ọmọ òrukàn." Wọ́n tú u, wọ́n kó o pọ̀ mọ́ ti kọ́ìlì, wọ́n fi tépù dúdú wé e láti ìdí dé orí, ó sì lẹ́wà. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé ẹ́ńjìnì, wọ́n gbàdúrà.

Mo mọ̀. Lójú ẹsẹ̀ níbẹ̀, mo mọ̀. Ohun tí mo ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ ní Pasadena nìyẹn. Mo la ẹnu, ohun tó jáde ni, "Ẹ ṣeun, Dádì." Mo ní màá tú u lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo Sọ́ńdè ni Dádì ń ní kí n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n lè fi iṣẹ́ wọn han àwọn ọkùnrin tó kù. Mo bá ń sọ fún ara mi pé ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé ò lè rí i bó gun orí igi. Kódà lẹ́yìn tí mọ́tò kú lórí freeway, mo tú gbogbo nǹkan wò tán, tépù dúdú yẹn ni mo fò dá. Ẹ̀rù Dádì bà mí ju ẹ̀rù freeway lọ. Èmi kọ́ ni mo ń wa mọ́tò náà lọ sí Uptown.

Mo gé tépù náà. Mo dá wáyà sẹ́nsọ̀ padà sí ọ̀nà rẹ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi gbé mọ́tò yẹn lọ sí Pasadena, tí mò ń tẹ epo títí dé ìsàlẹ̀, kò kú. Síbẹ̀, mi ò jẹ́ kí ìyàwó mi wà á.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìsìn, Dádì bá wa níbi ìgbọ́kọ̀sí nínú aṣọ funfun wọn. "Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì."

Mo ṣí i. Wọ́n wò ó pẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí ọ̀dà gbígbóná, mo ròyìn gbogbo rẹ̀: middle lane, truck, eyín tí kò sí. Ìyàwó mi dúró tì wá.

"Mo gbọ́," ni Dádì wí. Ohùn wọn ti rẹlẹ̀. "Ìgbà wo lo mọ̀?"

Mo lè purọ́. Ìyàwó mi ń wò mí.

"Ọjọ́ tí ẹ dè é, sà."

Dádì fi ọwọ́ ti ara mọ́tò.

"O mọ̀. O sì jẹ́ kí ọmọ mi máa wà á lọ, torí kí ojú má bàa ti èmi?"

Ìyàwó mi na ọwọ́ sí mi. "Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́," ló wí. Bó bá ti ń fi ẹ̀yin bá mi sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo fún un.

Dádì ṣí ilẹ̀kùn iwájú, wọ́n jókòó tì í, wọ́n de bẹ́líìtì. "Gba freeway, ọmọ mi," ni mo gbọ́ tí wọ́n wí. "Bó bá tún fẹ́ kú, a jọ máa wà níbẹ̀."

Wọ́n lọ, wọ́n fi mí sílẹ̀ níbẹ̀. Mo gbọ́ bí ẹ́ńjìnì ṣe ń ké bó ṣe ń gun òkè wọ freeway, títí mi ò fi gbọ́ ọ mọ́. Mo di fóònù mú lọ́wọ́ méjèèjì, mò ń bẹ Ọlọ́run kó má dún.