Iṣẹ́ Atẹ̀wé Lẹ́yìn Mi

Lónìí, kọ̀ǹpútà kan ní nǹkan tuntun mẹ́rin ti hù sí mi lẹ́yìn!

Àmì dúdú kan wà lẹ́yìn mi. Ní kílíńìkì kan ní Fádèyí, wọ́n máa ń yà á ní fọ́tò, kọ̀ǹpútà á wá gbé fọ́tò tuntun lé ti tẹ́lẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń tóbi. Lóṣù tó kọjá, kọ̀ǹpútà ò rí fọ́tò méjèèjì tò léra dáadáa, mo bá tún sanwó fọ́tò míì.

Atẹ̀wé ni mí ní Ṣómólú. Ká tó tẹ àwọ̀ kan lé òmíràn, a máa ń ya àgbélébùú kékeré sí igun ìwé kí àwọ̀ méjèèjì lè bọ́ sójú kan náà. Ni mo bá ní kí ìyàwó mi fi báírò ya mẹ́rin yí àmì náà ká.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí àmì tuntun, nọ́ọ̀sì figbe ta: "Bàbá, kí ló hù sí yín lára?"

"Ìyàwó mi ló yà á."

"Ẹ̀yìn yín ti di pátákó?"

Ó fi spírítì nù ún. "Àpá ara yín ti tó kọ̀ǹpútà láti fi to fọ́tò léra, ẹ jọ̀ọ́."

Ó tún fọ́tò yà. Àmì náà ò tóbi rárá! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n sanwó fọ́tò kejì, ìyàwó mi náà sì ń béèrè owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ni kí n kọ́kọ́ sá fún?